Ọ̀nà Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn: Ìtàn Ìlú Tí Ó Wà Lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin èwe wa àti ẹ̀yin òbí wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé lọ wo Òkè Ìdànrè rí. Bí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bọ́ọ̀sì yóò gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, a ó san owó ìwọlé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn bí a ti ń gùn ún, a ó sinmi ní ibi ìsinmi márààrún tí wọ́n ṣe sójú ọ̀nà, a ó ya fọ́tò nígbà tí a bá dé òkè, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá wá bi wá nílé pé kí ni a rí, iye àtẹ̀gùn ni a máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó lé ní 600, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye tí ó jẹ́ gan-an kì í bára mu lẹ́nu ènìyàn méjì, nítorí pé ẹni tí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í rántí ibi tí ó kà dé.

N kò bá àtẹ̀gùn jà. Ṣùgbọ́n ìlú ti wà lórí òkè yẹn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ àpáta náà. Àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè òde òní bí ọmọ sókè níbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀, wọ́n jẹ ọba níbẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń gun àpáta lásán lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọ̀nà tiwọn kò ní àtẹ̀gùn, kò sì ní irin tí ènìyàn lè dì mú. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ kí á tọ̀ nínú àròkọ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìtàn ìlú náà wà, òun gan-an ni ó sì ń pa rẹ́ lọ lójú wa.

ÀPÁTA NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Ìdànrè wà ní ìhà gúúsù sí Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìrìn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 20 kìlómítà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé òkè kan ṣoṣo ni à ń sọ. Rárá o. Ọ̀wọ́ òkè ni, tí àfonífojì wà láàrin wọn, tí orí púpọ̀ nínú wọn sì rí bìrìkìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Òkè Orósùn ni ó ga jù nínú wọn, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, èyí tí ó ju 900 mítà lọ. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí ni ìlú tuntun wà báyìí, Odòde àti Aládé àti àwọn àdúgbò tí ó tẹ̀ lé wọn.

Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ fún wa pé abẹ́ ilẹ̀ ni àpáta yìí ti yọ́ bí irin inú iná, tí ó sì tutù tí ó le níbẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 580 sí 600 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí ó nípọn ni ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Òjò àti ooru wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Ibi tí òkúta bá ti sán, omi a wọ inú rẹ̀, òkúta a jẹrà di iyẹ̀pẹ̀, ọ̀gbàrá a sì gbé e lọ. Ibi tí kò bá sán a dúró digbí. Báyìí ni orí àpáta ṣe ń yọ síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe pé òkè Ìdànrè ru sókè láti abẹ́ ilẹ̀ wá lọ́jọ́ kan bí olú. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀ tí ó fi í sílẹ̀. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Bornhardt, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó sọ irú òkè bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan ní èdè rẹ̀ tí ó túmọ̀ sí òkè erékùṣù. Orúkọ náà bá Ìdànrè mu púpọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú ní òwúrọ̀, tí kùrukùru bo igbó mọ́lẹ̀, orí àwọn àpáta nìkan ni ó máa ń yọ, ènìyàn a sì fẹ́ wá ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e láti ọ̀kan dé èkejì.

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu jù lójú tèmi ni pé aṣálẹ̀ ni orí àpáta yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdànrè wà láàrin igbó kìjikìji, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ fún oṣù tí ó pọ̀ nínú ọdún. Ṣùgbọ́n omi òjò kì í dúró lórí òkúta gbọọrọ, kò sí iyẹ̀pẹ̀ tí yóò fà á mu, kò sì sí igi tí yóò ṣíji bò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn òjò tí orí àpáta a ti gbẹ. Bí oòrùn ọ̀sán bá ràn án, àtẹ́lẹsẹ̀ lásán kò lè gbà á. Ewéko tí ó lè gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Afrotrilepis pilosa, dà bí koríko, a sì máa tẹ́ bí ẹní sí ẹ̀gbẹ́ òkúta káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a gbẹ pátápátá, a pọ́n bí ewé tí iná rà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a ní ó ti kú. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ sí i, láàrin ọjọ́ díẹ̀ a tún di tútù yọ̀yọ̀. Àwọn ewéko irú èyí tí ó ń kú tí ó ń jí, ní ilẹ̀ gbígbẹ ni a sábà máa ń gbọ́ ìròyìn wọn.

Ẹni tí ó bá kúrò lójú àtẹ̀gùn, tí ó dorí kọ Orósùn, ti kúrò nínú igbó nìyẹn, ó ti wọ ilẹ̀ mìíràn. Òfin tí ó ń darí ẹni tí ó ń gun òkè Ahaggar láàrin aṣálẹ̀ Sàhárà ní orílẹ̀-èdè Àlìjíríà ni yóò darí òun náà: kí ó tètè jí, kí ó gbé omi tí ó pọ̀, kí ó má ṣe gbójú lé òjìji. Àwọn àlùhájì wa tí wọ́n ti gun Jabal al-Nur ní ẹ̀bá Mẹ́kà, níbi tí ihò Hira wà, mọ ohun tí mò ń wí. Òkè yẹn kò ju nǹkan bí 640 mítà lọ sí ojú òkun, síbẹ̀ ẹni tí ó bá dúró di ìyálẹ̀ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, òkúta gbígbóná ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ GÙN ÚN?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Ìdànrè sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, pé Ọlọ́fin, ọmọ Odùduwà, ni ó kó wọn jáde. Wọ́n tún ń dárúkọ Agbóògùn, ọdẹ ńlá tí ó mọ ewé mọ egbò. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú wọn láyé àtijọ́, èyí tí í ṣe Ifẹ̀ Òkè ní ẹnu àwa yòókù. Nípa orúkọ Ìdànrè tí ó borí rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní nígbà tí àwọn kan kọ́kọ́ rí àpáta náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì kígbe pé, "Ìdán rè é!" Ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ni a ti ń gbọ́ irú àlàyé báyìí lórí orúkọ, mo sì máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ufẹ̀ Òkè yẹn wúwo lójú mi. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe é fún àlejò. Ìlú tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Ifẹ̀ láàrin ara rẹ̀, ó ń rántí ibì kan ni.

Lórí òkè, wọ́n máa ń fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn han àlejò nínú òkúta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, ìbáà ṣe ti ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà, àfi ti àjẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún àwàdà, àwọn mìíràn a sì kọ̀ jálẹ̀ kí wọ́n má baà bá ara wọn nínú wàhálà! Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń nawọ́ sí ibì kan pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ Ànábì Nûhù gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn ìkún omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Kùránì mọ̀ pé Júdì ni Sûratu Hûd dárúkọ, nítorí náà kò yẹ kí èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa. Ẹ kàn fi etí sí ohun tí ìtàn náà ń sọ nípa àwọn tí ó ń pa á. Ní ọkàn wọn, òkè yìí ni ibi tí ènìyàn sá sí tí ẹ̀mí rẹ̀ fi yè.

Nípa iye ọdún tí wọ́n fi gbé òkè, nǹkan bí 800 ni àwọn kan ń sọ, àwọn mìíràn sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Èyí tí ó dájú ni pé ó pẹ́ débi pé ààfin, ojúbọ, ibi ìsìnkú àwọn ọba àti àdúgbò lóríṣiríṣi ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

KÍ NI WỌ́N Ń SÁ FÚN?

Kò sí ẹni tí yóò dá oko sí ìsàlẹ̀, kí ó wá lọ kọ́ ilé sórí àpáta, bí kò bá nídìí. Ẹ rò ó wò: gbogbo iṣu, gbogbo igi ìdáná, gbogbo ẹran ìgbẹ́, orí ènìyàn ni ó gbé e gòkè. Aboyún gùn ún. Arúgbó gùn ún. Bí òjò bá mú wọn lójú ọ̀nà, orí òkúta yíyọ̀ ni òjò náà bá wọn.

Bí a bá wo ibi tí Ìdànrè wà, ìdí náà yóò hàn. Ààlà ni, láàrin àwọn Yorùbá ìlà-oòrùn àti ilẹ̀ ọba Bìní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ-ogun Bìní ṣẹ́gun Àkúrẹ́ tí ó wà nítòsí wọn yìí. Láìpẹ́, àwọn balógun Ìbàdàn wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Láti ìhà àríwá, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú. Kò sì yẹ kí á fi èyí pamọ́ nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn tí ó rán wọn. Òde Oǹdó fúnra rẹ̀ dahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìjà abẹ́lé. Ó di ọdún 1872, nígbà tí Glover, Gómìnà Èkó, ń wá bí wọn yóò ṣe la ọ̀nà ìlà-oòrùn fún òwò, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó padà sílé. Ní gbogbo àkókò yìí, ènìyàn kì í ṣe ẹni tí a kàn ń pa. Ọjà ni, tí à ń kó lọ sí etí òkun tàbí sí oko olóyè ńlá kan. Bàbá lè jáde lọ sí oko láàárọ̀ kí ó má rí ọmọ rẹ̀ mọ́ láé.

Ẹ wá wo ohun tí àpáta ń ṣe nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Ẹṣin kò lè gùn ún. Ọmọ-ogun kò lè gòkè ní ọ̀wọ́ bí kò ṣe ní ẹyọ-ẹyọ, ẹni tí ó sì ń gòkè ní ẹyọ-ẹyọ kò lè yọ idà. Àpáta kì í gba ojú ẹsẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, nítorí náà àjèjì kò lè mọ ibi tí onílé gbà kọjá lánàá. Ojú òkúta dọ́gba lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan yóò gbé ọ dé ilé, èkejì tí ó jọ ọ́ yóò gbé ọ dé etí ọ̀gbun. Àwọn ìlú Yorùbá mìíràn wa odi kí wọ́n tó sùn. Odi Erédò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gùn ju 160 kìlómítà lọ, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì gbẹ́ ẹ. Ní ti Ìdànrè, àìní ọ̀nà gan-an ni odi wọn. Ìmọ̀ ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ sí ni kọ́kọ́rọ́ ìlú, orí ọmọ onílé nìkan ni kọ́kọ́rọ́ náà sì wà.

Ohun tí àwa ń yà fọ́tò rẹ̀ lónìí pé ó rẹwà, iṣẹ́ ni ó ń ṣe nígbà náà. Láti òkè, ènìyàn lè rí èéfín iná nínú igbó ní ibi tí ó jìnnà, kí ẹni tí ó dá iná náà tó mọ̀ pé a ti rí òun. Ó lè rí ibi tí ẹyẹ ti fò lójijì. Ẹni tí ó bá ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láti fi pe àwọn ará oko wálé, ó ti gba ẹ̀mí là. Bí a bá dúró sí ibẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lójú, tí à ń sọ pé "Ẹ wo bí ó ṣe dára!", ó yẹ kí á rántí pé àwọn kan ti dúró síbẹ̀ rí tí àyà wọn ń já.

Ìdànrè nìkan kọ́ ni ó ṣe báyìí. Ní 1830, abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé wọn sá sí, òun ni ó di Abẹ́òkúta. Àwọn ará Adó-Àwáyé gbé orí òkè tiwọn, níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà títí di òní. Ní àríwá wa, àwọn ará Sukur kọ́ ìlú wọn sórí òkè Mandara. Ní orílẹ̀-èdè Málì, àwọn Dogon wà ní Bandiagara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá tètè tàn ká pẹ̀tẹ́lẹ̀, Olúmọ sì di ìrántí fún wọn. Àwọn ará Ìdànrè kò sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró sókè, wọ́n sọ ibi ìsádi di ìlú pípé, tí ó ní Ọwá tí í ṣe ọba wọn, tí ó ní ààfin tí wọ́n gbẹ́ òpó onígi rẹ̀ ní àwòrán, tí ó sì ní omi tirẹ̀. Ọ̀kan nínú omi náà ni wọ́n ń pè ní Omi Àpààrá, omi tí ó ń bú bí àrá.

ÌSỌ̀KALẸ̀

Ogun tí ó gbé wọn gòkè ni ó kọ́kọ́ parí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó dá ogun Kírìjí dúró. Ní 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tó ṣì dojú kọ ara wọn tú ká. Ní 1897 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Bìní. Láàrin ọdún mọ́kànlá péré, gbogbo àwọn tí ará Ìdànrè ń ti orí àpáta ṣọ́ ti di ẹni àná. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wọn kò sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ti ń sá fún ogun láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kì í gba ìròyìn àlàáfíà gbọ́ lọ́jọ́ tí ó bá gbọ́ ọ. Dípò kí ìlú sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ayé tuntun, ayé tuntun ni ó kọ́kọ́ gòkè lọ bá ìlú. Ilé-ìwé àwọn oníhìnrere gòkè. Ilé-ẹjọ́ ìjọba gòkè. Àwókù méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwókù ààfin, àwọn àlejò sì máa ń yà wọ́n wò. Mo máa ń ro ti akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ láti ibòmíràn, tí ó gun àpáta pẹ̀lú bàtà aláwọ àti ìwé lábẹ́ apá!

Èyí tí ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni kòkó. Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba òyìnbó ni ó fẹ́ kí wọ́n wá sísàlẹ̀ kí ó lè rọrùn láti gba owó orí lọ́wọ́ wọn, irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ ìgbà náà ní ibi púpọ̀ tí ènìyàn ń gbé orí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ojú àgbẹ̀. Iṣu tí a gbé gòkè, a ó jẹ ẹ́ lókè. Kòkó kì í ṣe oúnjẹ. A ó wà á nísàlẹ̀, a ó pọn ọ́n, a ó sá a, a ó dì í sínú àpò, ọkọ̀ ni yóò sì wá gbé e. Ọkọ̀ kì í gun Orósùn. Ẹni tí ó bá ń gbé òkè tí ó sì gbin kòkó, ó ń sùn níbi tí dúkìá rẹ̀ kò sí. Ilẹ̀ igbó tí ó yí àpáta náà ká dára fún kòkó lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé títí di òní Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí a mọ̀ jù fún kòkó ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé oko tí ènìyàn ń sùn sí fún ọjọ́ méjì di ibi tí ó ń sùn sí fún oṣù méjì, ó di ilé onípáànù, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ilé.

Ọdún 1928 ni a sábà máa ń dárúkọ fún ìsọ̀kalẹ̀ náà. Bí ìlú ṣe ń ṣí, kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ilé kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e, ìyókù ń wo wọ́n. Lẹ́yìn náà, ọjà kò kún mọ́. Nígbà tí ọjà kò bá kún mọ́, ìlú ti tán. Kò sí ogun tí ó kó Ìdànrè òkè, kò sí iná tí ó jó o. Àlàáfíà àti owó kòkó ni ó sọ ọ́ di ahoro, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ó dára jù tí ìlú lè gbà dahoro, síbẹ̀ ahoro ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸ́KÙ

Ilé amọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó lọ. Bí òrùlé bá ti jò, òjò méjì mẹ́ta ni ògiri nílò. Lórí òkè, wọ́n ti tún apá kan lára àwọn ilé àtijọ́ ṣe, wọ́n sì fi páànù bo òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ibi tí àlejò kì í sábàá dé, ìdí ògiri nìkan ni ó kù nínú koríko. Orúkọ Ìdànrè kò parẹ́ ní tirẹ̀. Ní 1967, Wọlé Ṣóyínká fi í ṣe àkọlé ìwé ewì rẹ̀, àwọn tí kò lè tọ́ka sí Àkúrẹ́ lórí àwòrán ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní London àti ní New York. Ní 2007, ìjọba Nàìjíríà kọ orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí ó wà lára àwọn ibi tí wọ́n lè kà sí ogún gbogbo ayé. Sukur ti wọ inú àkójọ náà ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wọ̀ ọ́ ní 2005. Ní ti Ìdànrè, orí ìwé ìdúródè ni ó ṣì wà. Nígbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, wọ́n dá àjọ̀dún òkè-gígùn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Mare, tí ó fa àwọn agùnkè wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ariwo rẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n okùn àti irin ni àwọn agùnkè wọ̀nyẹn fi ń gòkè. Ẹ̀kọ́ nípa bí ìyá arúgbó ṣe ń gùn ún pẹ̀lú agbọ̀n iṣu kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ń kọminú sí. Bí a bá fẹ́ tún ilé ṣe, a lè rí amọ̀. Bí a bá fẹ́ ààfin, a lè rí agbẹ́gilére. Ọ̀nà orí àpáta kò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí a lè rí níbẹ̀ rárá. Ìrántí lásán ni: yà sí apá òsì níbi tí òkúta ti dúdú, má ṣe kọjá lára igi yẹn, gba ibi tí omi là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣùgbọ́n má gbà á nígbà òjò. Àwọn tí wọ́n bí sókè kí ìlú tó ṣí, ẹni tí ó bá kéré jù nínú wọn ìbá ti sún mọ́ 100 ọdún báyìí. Àwọn ọdẹ, àwọn amọ̀nà àti àwọn tí ó ń gòkè fún ọdún ìbílẹ̀, bí ọdún Orósùn tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Karùn-ún, ni ó kù tí ẹsẹ̀ wọn ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀sìn wa kò bá tiwọn mu, kò sì sí ẹni tí ó ní kí á bá wọn bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdànrè tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, òkè baba yín ni. Kò sí ohun tí ó dí yín lọ́wọ́ láti bi àgbàlagbà kan léèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbà lọ pọn omi, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò lójú àtẹ̀gùn, kí ó má ṣe dá lọ, kí ó má sì ṣe lọ láìsí amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ó wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ tí ó sì ń gba ilẹ̀ mú, kí ó yẹra fún ibi tí ewédò ti mú òkúta yọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí ó padà, ìbáà ku díẹ̀ kí ó dé òkè, nítorí pé lórí àpáta lásán, ènìyàn ni ó ga jù, mànàmáná kì í sì í wojú ẹni. Ẹni tí ó bá dé orí Orósùn ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ yóò rí páànù Odòde àti Aládé ní ìsàlẹ̀, tí ó ti dípẹtà, tí ó há sáàrin ẹsẹ̀ àwọn òkè. Yóò rí oko kòkó àti igbó tí ó lọ títí tí ojú kò fi rí i mọ́, àti orí àpáta mìíràn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí kò sí ilé kankan lórí wọn. Ìlú àtijọ́ yóò ṣòro fún un láti rí. Ó wà ní àfonífojì lókè níbẹ̀, láàrin àwọn àpáta, níbi tí ojú ọ̀tá kò fi lè tó o.

Bí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò òjò, kí ó ṣọ́ra ní ibi tí omi tín-ín-rín bá ti ń ṣàn lójú òkúta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀, tí ará Denmark kan, Arne Schiøtz, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1963, tí wọ́n sì fi orúkọ onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Perret pè. Kò sí ibòmíràn tí a tíì mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé àfi orí òkè Ìdànrè. Fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ, àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó di 2014 kí àwọn olùwádìí, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, tó kọ ọ́ jáde pé àwọn ti tún rí i. Inú adágún tàbí odò ni àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yòókù ti ń dàgbà kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀. Ti Ìdànrè kò ní adágún. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú àpáta tí omi ń ṣàn lé lórí, níbi tí omi náà kò ti jìn ju èékánná lọ, wọ́n sì ń rìn gòkè rìn sọ̀ lórí òkúta náà.